Ìjàpá Bàbá Nínú Gáréèjì: Bí A Ṣe Ń Tún Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Láì Kó Onídùúró Sí Gbèsè

 

Ní ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ kan tí a bẹ̀ wò ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìlú Ajálọ́run, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí ó mú kí a kọ ìwé yìí. Nígbà tí ó kan àwọn tí ó fẹ́ yá owó, bàbá kan dìde. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í sì í jẹ gbèsè pẹ́. Ó ní òun fẹ́ yá owó láti fi tún Volkswagen bàbá òun ṣe, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. Bàbá rẹ̀ ra ọkọ̀ náà ní tuntun ní ọdún 1975. Láti ìgbà tí ó ti dolóògbé ni ọkọ̀ náà ti wà nínú gáréèjì tí ó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, tí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tí ó fẹ́ ṣe onídùúró fún un kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Alábẹ̀wò, ẹ bá wa dá sí i. Ṣé ohun tí ó nílárí ni Tíṣà fẹ́ fi owó yìí ṣe, àbí wọ́n fẹ́ fi ra wàhálà?"

A kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. A ní kí wọ́n jẹ́ kí a lọ wo ọkọ̀ náà ná, nítorí ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Àwa kì í ṣe mẹkáníìkì o. Ṣùgbọ́n a ti bá ẹ̀gbọ́n wa tú Ìjàpá palẹ̀ rí, a sì tò ó padà, a mọ ibi tí ó ti dùn wá. Bí a ti ń rìn káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a ń rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà nílé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ àlàyé tí a ṣe fún àwọn ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

IRÚ ỌKỌ̀ TÍ À Ń WÍ

Ferdinand Porsche ni ó ṣe àpẹẹrẹ ọkọ̀ yìí ní Jámánì ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Mexico ní oṣù Keje ọdún 2003, iye èyí tí wọ́n ti ṣe ní gbogbo àgbáyé ti lé ní mílíọ̀nù 21. Níbí ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní ojú ọ̀nà Badagry ní Èkó, ní ọdún 1975. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ gba àjẹsílẹ̀ owó oṣù tí a mọ̀ sí owó Udoji. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ lọ rí ni ó di onímọ́tò. Ẹ ó wá rí i pé kì í ṣe irin lásán ni Ìjàpá inú gáréèjì jẹ́ lójú ọmọ olóògbé. Òógùn ojú bàbá ni.

Ohun mìíràn wà tí ó jẹ́ kí Ìjàpá rọrùn fún ẹni tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, bóòtù mẹ́rin péré ni ó sì so ó mọ́ jíà. Kò ní rédíétọ̀, kò sì ń mu omi. Atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ ni ó ń tù ú lára. Ẹ́ńjìnnì irú èyí kan náà ni ó wà nínú àwọn bọ́ọ̀sì Kombi àtijọ́ tí a fi ń ṣe danfo, òun náà ni ó sì wà nínú Volkswagen Igala tí ọ̀pọ̀ yín wọ̀ rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní sùúrù láti wá a kiri Ládìípọ̀ ní Mushin tàbí Owódé Onírin yóò ṣì rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà, ìbáà jẹ́ tuntun tàbí àlòkù.

A ní kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá pẹ́ ju ti Tíṣà lọ kíyè sí ohun kan. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí padà láti ọwọ́ òsì títì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ tí wọ́n rà ṣáájú ọjọ́ yẹn lè ní síárìn rẹ̀ ní apá ọ̀tún. Iná iwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tàn bí ti òde òní: bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní òru, apá òsì ni ó ń tàn sí, ojú ẹni tí ó ń bọ̀ níwájú sì ni ó ń gún. Ẹ pààrọ̀ iná náà kí ẹ tó gbé e jáde ní alẹ́.

TA NI Ó NI ỌKỌ̀ NÁÀ?

Ìbéèrè tí a kọ́kọ́ bi Tíṣà nìyí, kò sì rò pé ohun tí alábẹ̀wò yóò bèèrè nìyẹn. Ó ní ti bàbá òun ni. A ní, bàbá ti lọ. Àwọn ọmọ mélòó ni ó fi sílẹ̀? Ó ní àwọn méje. A ní ó dára bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà jẹ́ ti ẹni méje.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nínú ẹrẹ̀, kò sí ẹbí tí yóò bèèrè rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá ń dán ni àbúrò tí ó wà ní Ìbàdàn yóò rántí pé ogún bàbá òun ni. Ẹgbẹ́ kò lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ohun ìdúró. Kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀, kí ó pe àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá rẹ̀ jọ, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n yọ̀ǹda ọkọ̀ fún un, tàbí pé gbogbo wọn ni yóò dá owó rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìwé ọkọ̀ jáde. Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ẹ ó rí nọ́mbà ṣásí lórí irin tí ó yọ gọngọ láàárín ilẹ̀ ọkọ̀. Nọ́mbà ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, lábẹ́ ibi tí dáínámò dúró lé. Bí ohun tí ẹ rí kò bá bá ti inú ìwé mu, ẹ lọ ṣe àlàyé fún àwọn tí ó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ọkọ̀ tí kò ní ìwé kò lè rìn ní títì, bó ti wù kí ó dán tó.

IBI TÍ ÌPẸTÀ Ń FARA PAMỌ́ SÍ

Nígbà tí a dé gáréèjì náà, ara ọkọ̀ kò burú lójú. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ń ṣí, ó sì ń tì. Inú Tíṣà dùn. A ní kí ó bá wa gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò. Abẹ́ ìjókòó náà, ní apá ọ̀tún, ni bátìrì Ìjàpá ń gbé. A mú sukuduráfà, a tì í sí ilẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ díẹ̀. Ó wọlé bí ọ̀bẹ ti ń wọ inú ẹ̀kọ. A wo abẹ́, a rí yẹ̀pẹ̀ gáréèjì.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí omi àti atẹ́gùn bá bá irin pàdé, irin a dípẹtà. Bí omi kíkan inú bátìrì bá tún kán sí i lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a jẹ ẹ́ tán. Ọ̀dà tí ó wà lókè kò mọ ohun tí ó ń lọ nísàlẹ̀.

Ibi márùn-ún ni kí ẹ yẹ̀ wò lára Ìjàpá kí ẹ tó pinnu. Èkínní ni abẹ́ bátìrì tí a ti wí. Èkejì ni irin gígùn tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, èyí tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá lọ síwájú. Òun ni ó so ara ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, bí ó bá ti jẹrà, ilẹ̀kùn a máa wọ́lẹ̀ bí ẹ bá ṣí i. Ẹ̀kẹta ni abẹ́ táyà tí a ń gbé pamọ́ síwájú, níbi tí omi ń dúró sí. Ẹ̀kẹrin ni ìdí gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn, pàápàá bí igi bá wà nítòsí tí ewé ń jábọ́ lé e. Ìkarùn-ún ni ibi tí jáákì ń wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi orí sukuduráfà kan gbogbo rẹ̀. Irin tí ó yè a máa dún; irin tí ó ti kú kì í dún.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò bóyá ẹ́ńjìnnì yóò yí. Ẹ má fi bátìrì yí i o! Ẹ tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ da ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wá fi sípánà mú nọ́ọ̀tì tí ó wà níwájú dáínámò, kí ẹ rọra fi ọwọ́ yí i. Bí ó bá yí, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá yí, ẹ tún da ọ́ìlì sí i, ẹ tún dúró. Ẹni tí ó bá fi agbára yí i yóò ṣẹ́ ohun tí kò ṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

ẸNI TÍ Ó KỌ́KỌ́ KUN Ọ̀DÀ

A sọ ìtàn kan fún Tíṣà, ó sì yẹ kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ní ẹgbẹ́ mìíràn tí à ń bẹ̀ wò, ọmọ ẹgbẹ́ kan yá owó ní orúkọ ọjà ṣọ́ọ̀bù. Ìjàpá àtijọ́ ni ó lọ fi tún ṣe. Pánẹ́ẹ̀lì bítà fi bọ́dì fílà dí gbogbo ihò rẹ̀, wọ́n kun ún ní pupa tí ó ń dán gbinrin, wọ́n ṣe ìjókòó tuntun. Ó gbé e lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, ènìyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan. Ilẹ̀ tí ó ti jẹrà kò lè gbé bátìrì mọ́, bátìrì dojú kọ ẹ̀gbẹ́, irin wáyà inú ìjókòó kan orí bátìrì, ìjókòó gbiná. Ọlọ́run yọ wọ́n, gbogbo wọn jáde. Ọkọ̀ jóná. Ṣọ́ọ̀bù kò sì ní ọjà tí yóò fi san gbèsè. Àwọn onídùúró méjèèjì ni ó san èyí tí ó kù, oṣù mẹ́rìnlá gbáko, láti inú owó tí wọ́n fẹ́ fi san owó ilé ìwé àwọn ọmọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò wá sí ìpàdé mọ́ títí di òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí àṣìṣe wà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ọkọ̀. Ó fi irọ́ yá owó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bí a bá ń yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ara iye tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tí wọ́n fa ìlà méjì sí. Ara rìsíìtì kọ̀ọ̀kan ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ àtijọ́ rí: ohun tí ó ń gbé ẹrù ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, ohun tí ojú ń rí ni kí ó kẹ́yìn.

BÍ IṢẸ́ ṢE Ń TẸ̀ LÉ ARA WỌN

1. Ẹ fọ ọkọ̀ náà, kí ẹ fi fóònù ya gbogbo ibi tí ẹ fẹ́ tú, kí ẹ tó tú u. Ẹ kó nọ́ọ̀tì àti bóòtù ibi kọ̀ọ̀kan sínú agolo tirẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára. Ohun tí ẹ rò pé ẹ ó rántí, ẹ kò ní rántí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

2. Ilẹ̀ ọkọ̀. Kí wẹ́dà gé irin tí ó jẹrà kúrò títí yóò fi kan irin tí ó yè, kí ó sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Ẹ má gbà kí ó jó irin tuntun lé orí èyí tí ó jẹrà. Kí ó tó tan iná, ẹ yọ bátìrì àti táńkì epo kúrò. Bí omi bátìrì bá ti kán sí ibẹ̀, ẹ fi omi tí a po mọ́ sódà ìpòyẹ̀fun fọ̀ ọ́, kí ẹ fi omi lásán ṣàn án, kí ó gbẹ, kí ẹ tó kun ún.

3. Bíréèkì. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa ìrì inú atẹ́gùn mọ́ra. Nínú ọkọ̀ tí ó ti dúró fún ọdún pípẹ́, omi náà ti jẹ inú sìlíńdà bíréèkì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà inú wọn, ẹ pààrọ̀ páìpù rọ́bà gbogbo, ẹ sì da ọ́ìlì tuntun sí i. Àwọn Ìjàpá tí ó pẹ́ jù ní ọ̀nà bíréèkì kan ṣoṣo. Bí ó bá jò ní ẹsẹ̀ kan, gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rin ni kò ní bíréèkì mọ́. A kì í dán ẹ́ńjìnnì wò ní títì kí a tó ṣe bíréèkì.

4. Epo. Iwájú ni táńkì Ìjàpá wà. Pẹtiróòlù tí ó ti pẹ́ a máa dì bí oje igi, a sì dí kabúrétọ̀. Ẹ fà á kúrò pátápátá, ẹ má sì dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, pàápàá èyí tí ó wà lókè ẹ́ńjìnnì, nítorí èyí tí ó bá là níbẹ̀ yóò máa kán epo sórí irin gbígbóná. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí ó jóná, ibẹ̀ ni iná ti ràn.

5. Ẹ́ńjìnnì. Ó wúwo tó bíi 100 kílò, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ. Kò ní fílítà oníwèé bí ti ọkọ̀ òde òní, asẹ́ wáyà ni ó ní. Ìdí nìyí tí a fi ní láti máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Àlàfo fáàfù rẹ̀ jẹ́ 0.15 mílímítà, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni a ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì ju àwọn páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí ẹ́ńjìnnì ká nù, kí ó wá sọ pé wọn kò wúlò. Àwọn ni ó ń darí atẹ́gùn sí ara ẹ́ńjìnnì. Ìjàpá tí kò ní wọn yóò máa gbóná títí yóò fi nọ́ọ̀kì.

6. Wáyà. Kí rewáyà pààrọ̀ èyí tí eku ti jẹ, kí ó sì fi ìdérí bo bátìrì. Ìdérí yẹn ni ọkùnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ kò ní.

7. Táyà. Ìjẹ̀bú mọ iṣẹ́ táyà tipẹ́. Ẹ rántí iṣẹ́ táyà olóògbé Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá ti Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ má wo ehín táyà nìkan. Ẹ wo nọ́mbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT ní ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí kò rìn rí, bí ó bá ti pẹ́ nílẹ̀, a máa là.

8. Ara ọkọ̀, ọ̀dà àti ìjókòó. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó pe pẹ́ńtà. Bọ́dì fílà dára fún ibi tí ó tẹ̀ wọnú díẹ̀. Kò dára fún ihò.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹni tí ó bá ń wa Ìjàpá ní láti mọ ohun kan. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó ń yí dáínámò àti fáànù. Bí iná pupa bá tàn níwájú yín lójú ọ̀nà, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ti já, ẹ́ńjìnnì kò sì ní ohun tí yóò tù ú lára mọ́. Ẹ máa gbé bẹ́líìtì kan àti sípánà rẹ̀ dání.

KÍ GÁRÉÈJÌ MÁ DI IBOJÌ

Iṣẹ́ inú ilé ní ewu tirẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹ fi ojú kékeré wò ó.

Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáákì nìkan gbé dúró. Ẹ má sì gbé e lé búlọ́ọ̀kù onísìmẹ́ǹtì tí ó ní ihò nínú. Ó lè fọ́ lójijì láì kìlọ̀. Àga irin tí ó nípọn tàbí ìtì igi líle ni kí ẹ lò.

Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀ nínú gáréèjì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nínú èéfín wọn ni afẹ́fẹ́ kan wà tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Òde ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé.

Táńkì epo tí a ti fà gbẹ léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí oru epo tí ó kù nínú rẹ̀ ni ó ń bú gbàmù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná jó táńkì nílé yín. Bí ó bá ti lu, ẹ wá òmíràn.

Ẹ má fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú bíréèkì àtijọ́. Àwọn bàtà bíréèkì ìgbà náà ní asbẹ́stọ́ọ̀sì nínú, èyí tí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀ nù. Kí àwọn ọmọdé jìnnà.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

A wá dé ibi tí ó kan ẹgbẹ́. Ẹ gbọ́ ọ kedere: ọkọ̀ àtijọ́ kì í san gbèsè ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé iye tí ẹ ó ná lé e yóò ju iye tí ẹnikẹ́ni yóò rà á lọ. Kì í ṣe òwò. Ẹni tí ó bá yá owó fún un gbọ́dọ̀ ní ibòmíràn tí yóò ti máa san án.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ yá ₦120,000 fún oṣù méjìlá. Láì ka èlé, ₦10,000 ni yóò máa san lóṣù. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn oúnjẹ, owó ilé ìwé àti ìfowópamọ́ rẹ̀, ₦6,000 ni ó ń ṣẹ́ kù fún un lóṣù, onídùúró ni yóò san ₦4,000 tí ó kù. Ẹ̀yin onídùúró, ìṣirò yìí ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Kì í ṣe àrífín láti bi ọ̀rẹ́ ẹni ní iye tí ó ń wọlé fún un.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e: nínú gbogbo ₦100 tí ẹ bá pinnu láti ná, ẹ fi ₦25 pamọ́ fún ohun tí ẹ kò tíì rí. Ìgbà tí a bá ṣí ọkọ̀ àtijọ́ ni a ń mọ ohun tí ó ń ṣe é gan-an.

Ẹ̀kẹta: kí ìgbìmọ̀ má kó gbogbo owó náà fúnni lẹ́ẹ̀kan. Kí ó tẹ̀ lé iṣẹ́. Owó ilẹ̀ ọkọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n bá mú rìsíìtì wá, tí a sì ti fi ojú rí iṣẹ́, kí a fún un ní owó bíréèkì àti epo. Owó ọ̀dà ni kí ó kẹ́yìn. Bí owó bá tán lójú ọ̀nà, ọkọ̀ tí ó lágbára tí kò ní ọ̀dà yóò dúró de ìgbà mìíràn. Ọkọ̀ tí ó ní ọ̀dà tí kò ní ilẹ̀ kò lè dúró.

Ẹ̀kẹrin: kí ẹ sọ òtítọ́ nípa ohun tí ẹ fẹ́ fi owó ṣe. Bí òfin ẹgbẹ́ yín bá gbà á, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbà á, ẹ má pè é ní ọjà ata.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ NÁÀ ṢE

Nígbà tí a padà sí ìpàdé, a jábọ̀ ohun tí a rí. Tíṣà jókòó, ó gbé ojú sílẹ̀. Ó jọ pé ihò inú ilẹ̀ ọkọ̀ náà dùn ún ju bí ó ti fẹ́ kí a mọ̀ lọ. Ìyá onídùúró wá bi í pé, "Tíṣà, bí ọkọ̀ yìí bá tún dára, kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà ni bàbá òun fi gbé òun lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ wọlé, òun sì fẹ́ fi gbé ọmọ ọmọ òun lọ sí ilé ìwé lẹ́ẹ̀kan péré kí òun tó kú. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín mọ́.

Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ kò tìtorí omijé yá owó. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ mú ìwé wá láti ọwọ́ àwọn ọmọ bàbá rẹ̀. Ó mú un wá ní oṣù kejì. Ẹni mẹ́fà fọwọ́ sí i, mẹ́rin nínú wọn sì dá owó sí i, tí ó fi jẹ́ pé iye tí ó yá kò tó ìdajì èyí tí ó kọ́kọ́ bèèrè. Owó ilẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta mìíràn tí wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́ nílé dá owó jọ, wọ́n ra jáákì ńlá kan àti àga irin mẹ́rin, wọ́n ń yá ara wọn lò. Èyí wú wa lórí púpọ̀. Ohun tí ẹnì kan ìbá fi owó yá lọ́wọ́ ọlọ́jà, wọ́n fi àjọṣe rí i.

Nígbà tí a padà bẹ ẹgbẹ́ náà wò, ilẹ̀ ọkọ̀ ti di tuntun, wọ́n ń ṣe bíréèkì lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì ti yí pẹ̀lú ọwọ́, kò tíì dún. Ọkọ̀ náà kò ní ọ̀dà kankan, ó dà bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Tíṣà ti san gbèsè oṣù mẹ́ta láì pẹ́ ọjọ́ kan. Ìyá onídùúró sì ti wá wo ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí òun dúró fún.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yìí sí etí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, pàápàá apá tí ó kan onídùúró. Bí ọmọ ẹgbẹ́ yín bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì yára fọwọ́ sí i. Ẹ bá a gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè ná.